Ẹ́ńjìnì Lágbára, Gíà Ńkọ́?

Ojú ewé mọ́tò ti tún dé, ọ̀rọ̀ tó sì gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ yín ti mọ̀ nípa rẹ̀ ṣáájú yín. Bí ẹ bá rí ọmọkùnrin ilé yín tó gbé fóònù sójú, tí mọ́tò méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú rẹ̀, tí èéfín bo táyà ẹ̀yìn, tí ariwo sọ, tí àwọn méjèèjì sì fò lọ bí ọta ìbọn, eré tó ń wò nìyẹn. Drag racing ni wọ́n ń pè é. Amẹ́ríkà ló ti gbilẹ̀ jù.

Ẹ́ńjìnì ni àwọn òǹwòran máa ń yìn. “Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bú ramúramù!” Àmọ́ bí ẹ bá bi àwọn tó ń fi owó ara wọn sá eré náà, wọ́n á sọ fún yín pé ẹ́ńjìnì kì í dá gbé mọ́tò dé ibì kankan. Gíà ló ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì, òun ló sì ń gbé e fún táyà. Ẹni tó bá fi kún agbára ẹ́ńjìnì tí kò fi kún ti gíà, ńṣe ló gbé ẹrù àgbà ru ọmọ kékeré. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé.

Eré wo nìyí gan-an?

Ojú ọ̀nà títọ́ gbọọrọ ni wọ́n ti ń sá a, kò sí kọ́nà kankan níbẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, ìyẹn nǹkan bíi mítà 402. Àwọn ibòmíì máa ń sá ìlàjì rẹ̀, mítà 201. Òpó iná kan wà láàárín mọ́tò méjèèjì, “igi Kérésì” ni wọ́n ń pè é. Iná yẹ́lò á kọ́kọ́ tàn, àwọ̀ ewé á tẹ̀ lé e, àwọn mọ́tò á sì gbéra. Mọ́tò tí wọ́n bá tún ṣe dáadáa lè parí mítà 402 láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Kí ẹnì kan tó ṣáná sí sítóòfù rẹ̀, eré ti parí.

Ọdún 1951 ni Wally Parks dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ ní California. Lákòókò yẹn, àwọn ọ̀dọ́ tó ní mọ́tò tó yára ń sá eré ìje lójú títì, láàárín ìlú. Ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n kúrò lójú títì, kí wọ́n wá síbi tó ní òfin, tó ní olùṣọ́. Ní 1955, ẹgbẹ́ náà ṣe ìdíje àpapọ̀ orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ìlú Great Bend, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Lónìí, odindi ìdílé ló máa ń lọ síbẹ̀. Baba á wakọ̀, ìyá á máa wo bí afẹ́fẹ́ táyà ṣe rí, ọmọ á máa kọ àkókò sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ọmọdé náà ti ní ìdíje tiwọn, mọ́tò kéékèèké ni wọ́n ń wà.

Irú ìdíje kan wà níbẹ̀ tí ẹni tí kò lówó púpọ̀ lè bá wọn dá sí. Bracket racing ni orúkọ rẹ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan á kọ iye àkókò tó rò pé mọ́tò òun máa lò sára gíláàsì. Èyí tó lọ́ra ni wọ́n máa kọ́kọ́ jẹ́ kó lọ, èyí tó yá á tẹ̀ lé e. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àkókò tí àwọn méjèèjì kọ ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí ìkejì gbéra. Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti dùn: bí mọ́tò yín bá yára ju iye tí ẹ kọ sílẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ ti pàdánù nìyẹn. Torí náà, mọ́tò tó yára jù kọ́ ló ń gba ife ẹ̀yẹ. Mọ́tò tó ṣe ohun kan náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ ni.

Ìdí tí gíà ọtomátíìkì fi gbayì lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ẹsẹ̀ èèyàn tó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì lè yá lónìí kó lọ́ra lọ́la. Gíà ọtomátíìkì tí wọ́n tún ṣe dáadáa máa ń gbéra bákan náà ní gbogbo ìgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bá a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ: ẹni tó ń tún gíà ṣe, eré sísá nìkan kọ́ ló ń rà. Ohun tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ló ń rà.

Ohun tó wà nínú gíà

Ẹ gbé fáànù méjì kojú ara wọn. Ẹ tan ọ̀kan, ẹ má tan ìkejì. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èyí tó ń ṣiṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìkejì. Bí ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́ńfátà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, àmọ́ ọ́ìlì ló wà níbẹ̀ dípò afẹ́fẹ́. Apá kan so mọ́ ẹ́ńjìnì, ó ń da ọ́ìlì lu apá kejì tó so mọ́ gíà. Apá kẹta wà láàárín, iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó yí ojú ọ́ìlì tó ń padà bọ̀ sí ibi tó dáa, kó má bàa dènà. Òun ló ń fi kún agbára nígbà tí mọ́tò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra.

Lẹ́yìn kọ́ńfátà, àwọn irin eléyín wà tí wọ́n ń yí ara wọn po, ọ̀kan ní àárín, àwọn kan yí i ká, òrùka ńlá kan sì yí gbogbo wọn ká. Èyí tí a bá dì mú nínú wọn, àti èyí tí a bá jẹ́ kó máa yí, ló ń pinnu bóyá gíà kìíní, gíà kejì tàbí rìfáàsì ni mọ́tò wà. Àwọn pléètì kílọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ àti báńdì irin ló ń dì wọ́n mú. Ọ́ìlì tí pọ́ńpù ń tì ló ń tẹ àwọn pléètì yẹn pa pọ̀. Irin kan tó kún fún ojú ọ̀nà tóóró àti fáàfù, tí wọ́n ń pè ní valve body, ló ń pín ọ́ìlì náà síbi tó yẹ.

Ẹ rí i pé iṣẹ́ mẹ́ta ni ọ́ìlì yẹn ń ṣe: ó ń gbé agbára, ó ń tẹ pléètì, ó sì ń gbé ooru kúrò. Bí agbára ẹ́ńjìnì bá ti pọ̀ ju ohun tí pléètì lè dì mú, pléètì á máa yọ̀. Bó bá ń yọ̀, á máa gbóná. Bó bá gbóná, ojú rẹ̀ á jó, ọ́ìlì á dúdú, á sì máa rùn bí ohun tó jóná. Ọ́ìlì tó ti jó kò ní lè ṣe ọ̀kankan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yẹn dáadáa mọ́, ni pléètì á bá tún máa yọ̀ sí i. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ooru ni aṣeni inú gíà.

Gíà wo ni wọ́n ń lò?

Ó lè yà yín lẹ́nu pé gíà kan tí Chevrolet gbé jáde ní 1950 ṣì ń bá àwọn mọ́tò tó yára jù lójú pápá sáré. Powerglide ni wọ́n ń pè é. Gíà méjì péré ló ní láti lọ síwájú. Ní 1962, wọ́n gbé èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe ilé rẹ̀ jáde, ó sì fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 1973, wọ́n dáwọ́ dúró láti máa fi sínú mọ́tò tuntun. Àmọ́ àwọn sárésáré ò jẹ́ kó kú. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà mọ́tò eré ìje ló ń ṣe ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀, títí kan ilé gíà fúnra rẹ̀.

General Motors tún ṣe Turbo 400, tó jáde ní 1964, àti Turbo 350, tó jáde ní 1969. Gíà mẹ́ta ni àwọn yẹn ní. Èwo wá ló dáa jù? Ẹ wo gíà kìíní wọn. Nínú Turbo 400, ṣáàfù tó ń wọlé á yí ìgbà 2.48 kí èyí tó ń jáde tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ti Turbo 350 jẹ́ 2.52. Ti Powerglide jẹ́ 1.76 tàbí 1.82. Bí iye yẹn bá ṣe tóbi tó ni gíà ṣe ń ti mọ́tò tó nígbà tó bá ń gbéra. Mọ́tò tó wúwo, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ò tóbi púpọ̀, nílò irú ìtì bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí mọ́tò bá fúyẹ́ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì lágbára gan-an, ìtì yẹn á pọ̀ jù, táyà á kàn máa yí lójú kan, á máa rú èéfín. Powerglide ló bá irú ìyẹn mu. Ó fúyẹ́, ohun tó ń yí nínú rẹ̀ ò pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni awakọ̀ máa pààrọ̀ gíà títí eré fi máa parí.

Bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe

Inú ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á yọ ṣáàfù tó bá mọ́tò wá, wọ́n á fi èyí tí wọ́n fi irin líle ṣe sí i, torí ibẹ̀ wà lára ibi tó máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́. Wọ́n á fi kún iye pléètì kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n á lo èyí tí ojú rẹ̀ lè fara da ooru, wọ́n á sì fi báńdì tó nípọn sí i. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á fara balẹ̀ wọn àyè tó wà láàárín àwọn pléètì. Bí àyè náà bá pọ̀ jù, gíà á pẹ́ kó tó mú. Bó bá kéré jù, pléètì á máa ha ara wọn nígbà tó yẹ kí wọ́n sinmi.

Ó kan valve body. Nínú mọ́tò ilé, wọ́n ṣe é kí gíà lè máa pààrọ̀ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìn má bàa mọ̀ ọ́n lára. Jẹ́jẹ́ yẹn, pléètì tó ń yọ̀ díẹ̀ kó tó mú ni. Nínú mọ́tò eré ìje, wọ́n á fi kún ipá ọ́ìlì, gíà á sì máa mú lẹ́ẹ̀kan náà. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń pinnu ìgbà tó máa pààrọ̀.

Bíréèkì kan tún wà nínú gíà náà, trans brake ni wọ́n ń pè é. Awakọ̀ á tẹ bọ́tìnì kan, gíà kìíní àti rìfáàsì á mú pa pọ̀. Ẹ ronú nípa ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ di apá kan mú, tí ìyá rẹ̀ di apá kejì mú: kò lè lọ síwájú, kò lè pa dà sẹ́yìn. Bí mọ́tò á ṣe dúró digbí nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnì ń bú. Tí iná bá tàn, awakọ̀ á ju bọ́tìnì sílẹ̀, rìfáàsì á tú, mọ́tò á sì fò. Ìka ọwọ́ kan ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí ìgbéra kan fi ń jọ òmíràn.

Kọ́ńfátà ló tẹ̀ lé e. Kọ́ńfátà kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ẹ́ńjìnì lè sáré dé nígbà tí mọ́tò ṣì dúró lójú kan. Nínú mọ́tò ilé, ó lè jẹ́ nǹkan bíi yíyí 2,000 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú mọ́tò eré ìje, ó lè jẹ́ 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe fún eré ìje, òkè ni agbára rẹ̀ wà. Bí iye yẹn bá kéré jù, mọ́tò á gbéra bí arúgbó tó ń dìde lórí àga. Bó bá pọ̀ jù, kọ́ńfátà á máa yọ̀ títí dé òpin ọ̀nà, agbára á di ooru. Torí ẹ̀, ẹni tó máa ṣe kọ́ńfátà fún yín á béèrè bí mọ́tò ṣe wúwo tó, irú ẹ́ńjìnì tó ní, bí táyà ṣe ga tó àti irú eyín tó wà nínú ásù ẹ̀yìn. Bí kò bá béèrè, ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi rédíétọ̀ tiẹ̀ fún ọ́ìlì gíà, àwo ìsàlẹ̀ tó jìn tó lè gba ọ́ìlì sí i, àti ohun tó ń fi bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó han awakọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Don Garlits

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ ààbò sẹ́yìn ni, kó lè dúró sí yín lọ́kàn. Nínú gbogbo àwọn tó ti sá eré yìí, bóyá la fi rí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ròkìkí tó Don Garlits, tí wọ́n ń pè ní “Big Daddy”. Láyé ìgbà yẹn, iwájú awakọ̀ ni ẹ́ńjìnì máa ń wà nínú mọ́tò gígùn tí wọ́n fi ń sáré. Awakọ̀ á jókòó sẹ́yìn pátápátá, gíà á wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ní March 8, 1970, ní pápá Lions, nítòsí Long Beach ní California, Garlits ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni gíà onípele méjì tó wà nínú mọ́tò rẹ̀ bú gbàù. Ó gé mọ́tò náà sí méjì. Ó gé apá iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dànù. Ọ̀kan lára àwọn tó wá wòran náà fara pa gan-an.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Garlits ò sọ bẹ́ẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà tó ti ń ronú nípa mọ́tò tí ẹ́ńjìnì àti gíà rẹ̀ á wà lẹ́yìn awakọ̀. Nígbà tó fi máa di 1971, ó ti kọ́ ọ, ó ti ń fi í sáré, ó sì ń fi í borí. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn yòókù nínú ìpele náà ṣe bíi tiẹ̀. Títí dòní, ẹ́ńjìnì mọ́tò tó yára jù nínú eré yìí, ẹ̀yìn awakọ̀ ló wà.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé gíà tó bú kì í bú bíi bàtà tó já. Irin tó ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan ló ń fọ́ ká. Ìyẹn ni òfin fi sọ pé bí mọ́tò bá ti yára dé ìwọ̀n kan, ó gbọ́dọ̀ ní ìbòrí tó lágbára lórí gíà, àti àwo irin tó so ẹ́ńjìnì mọ́ kọ́ńfátà tí wọ́n ti dán wò. Ìlànà SFI 4.1 ni ti ìbòrí gíà, SFI 29.1 ni ti àwo irin yẹn. Wọ́n tún ń fẹ́ kí ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì gíà ní ohun tó ń tì í pa, torí bí ọ́ìlì gbígbóná bá tú jáde sórí páìpù èéfín, iná ni. Bó bá sì dà sábẹ́ táyà, mọ́tò á yọ̀ lọ sí ara ògiri.

Kí ló yẹ kó ṣáájú?

Nínú ìdílé tó ń sá eré yìí, ibi tí ìjà owó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Baba fẹ́ fi owó tó wọlé ra ohun tó máa fi kún agbára ẹ́ńjìnì, torí òun ni ariwo rẹ̀ ń dùn. Ìyá ń wo gíà tó tún ṣe lọ́dún tó kọjá. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n gbọ́ ti ìyá. Ohun ààbò ló yẹ kó ṣáájú, rédíétọ̀ ọ́ìlì á tẹ̀ lé e, inú gíà á tẹ̀ lé ìyẹn, lẹ́yìn náà kọ́ńfátà. Ẹ́ńjìnì ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá yí i pa dà, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ra gíà.

Kí wọ́n tó náwó rárá, kí wọ́n bi gíà náà ní ohun tó ń ṣe é. Bí ẹ́ńjìnì bá ké sókè nígbà tí awakọ̀ pààrọ̀ gíà, tí mọ́tò ò sì tẹ̀ lé e, pléètì ń yọ̀ nìyẹn. Kí wọ́n sọ àwo ìsàlẹ̀, kí wọ́n wo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ kì í ṣe ohun bàbàrà. Àmọ́ bí wọ́n bá rí èérún irin tí ọwọ́ lè mú, kí wọ́n má tan mọ́tò náà mọ́.

Àwa tó wà nílé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ tí à ń rà, gíà ọtomátíìkì ló wà nínú wọn, aṣeni kan náà ló sì ń bá wọn jà. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ àti ẹrù àkójù máa ń mú ọ́ìlì gíà gbóná. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ìwé mọ́tò yín ṣe sọ, ẹ lo irú ọ́ìlì tí ìwé náà dárúkọ, ẹ má sì fi sí rìfáàsì nígbà tí mọ́tò ṣì ń yí lọ síwájú. Bó bá ti ń rùn bí ohun tó jó, ẹ má dúró dọ̀la.

Ẹ sì bá mi sọ fún ọmọkùnrin tó ń wo fóònù yẹn. Ó dáa kó nífẹ̀ẹ́ sí mọ́tò. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń di oníṣẹ́ ọwọ́ tí ìlú ń wá kiri. Àmọ́ kó mọ̀ pé torí kí ọ̀dọ́ má bàa kú lójú títì ni wọ́n fi dá ẹgbẹ́ tó ń bójú tó eré náà sílẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ọlọ́kadà, oníbúrẹ́dì àti ọmọ iléèwé ń gbà kì í ṣe pápá eré ìje. Ohun tó dáa jù tó lè bá eré yìí mú wálé ni sùúrù ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn àyè pléètì gíà, kí ó tó gbé ẹ́ńjìnì lé e.

Ó dìgbà kan ná. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ bíréèkì. Ẹ kí ará ilé fún wa.